Bóòtù bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì Corolla mi ń yí lásán, kò mú mọ́. Ṣé mo lè tún un ṣe nílé?

ỌmọẸ̀gbá05:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Corolla 2005 tòkunbọ̀ ni mò ń wà, Abẹ́òkúta ni mo wà. Láìpẹ́ yìí mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan pé kó bá mi pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ẹsẹ̀ iwájú lápá dírẹ́bà, àtìgbà yẹn ni mo ti ń gbọ́ kọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀ nísàlẹ̀ tí mo bá ti wọ gálọ́ọ̀pù. Mo gbé jáàkì sí i lánàá, mo yọ táyà, mo wá rí i pé nínú mẹ́ta tó so bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì mọ́ lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ara ọkọ̀), bóòtù kan àti nọ́ọ̀tì méjì, bóòtù yẹn kò mú rárá. Tí mo bá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí i ńṣe ló ń yí ṣáá, kò le, kò sì jáde. Ẹnì kan ládùúgbò ní kí n wé òwú mọ́ ọn lára kí n fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹlòmíì ní kí n gbé e lọ bá wẹ́ẹ̀dà kó jó o pọ̀. Mo ní spánà, mo ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ní dírílì, ọwọ́ mi sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mi ò fẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹni yẹn. Ẹ bá mi dá sí i.

Mẹkáníìkì_Gate:
Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú wàhálà. Kí á tó sọ ohunkóhun, ẹ má wa ọkọ̀ yẹn jáde mọ́, kódà kó jẹ́ ìsọ̀ búrẹ́dì tó wà níwájú ilé yín lẹ fẹ́ dé. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ló so knuckle tó gbé táyà mọ́ lower arm. Bóòtù tí kò mú ti gbé ẹrù tiẹ̀ lé nọ́ọ̀tì méjì tó kù, irin yẹn á máa mì lórí ara wọn, àwọn méjèèjì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú tán, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á yọ, táyà á ya sínú fẹ́ńdà, ẹ ò sì ní lè fi sítíárì darí ẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí tó kú gan-an, ṣé bóòtù ni àbí ihò. Ẹ ki screwdriver pẹlẹbẹ sábẹ́ orí bóòtù yẹn kí ẹ máa fà á wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i, á jáde. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ̀ ọ́, kí ẹ wá wò ó ní gbangba. Tí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ tó lọ́ mọ́ àárín tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ (eyín tó yí i ká), ti inú ihò ló fà jáde yẹn o. Tó bá jẹ́ pé eyín bóòtù fúnra ẹ̀ ló ti di pẹlẹbẹ, a jẹ́ pé ihò ṣì lè dáa. Kí ẹ tún tú bóòtù kan náà ní apá kejì ọkọ̀, ẹ fi wé eléyìí, ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Ojú_Iná:
Iṣẹ́ wẹ́ẹ̀dà ni mò ń ṣe jẹun, Mushin ni mo wà, èmi ni mo sì ń sọ ọ́ pé ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó bóòtù yẹn pọ̀ mọ́ arm. Bọ́ọ̀lù inú jọ́ìǹtì yẹn jókòó sínú ike, gíríìsì wà níbẹ̀, rọ́bà ló sì bò ó. Iná máa yọ́ rọ́bà, á sun gíríìsì, á ba ike yẹn jẹ́, jọ́ìǹtì tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á di aláìwúlò kí iná tó tutù. Bóòtù abẹ́ ọkọ̀ sì jẹ́ irin tí wọ́n fi iná sè kó lè le, tí a bá tún fi iná wẹ́ẹ̀dì kàn án, líle ẹ̀ ti yí padà nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a jó gan-an ló máa ń dá. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n jó báyìí tí wọ́n gbé wá bá mi pé kí n bá wọn gé e kúrò, arm àti jọ́ìǹtì, kò sí èyí tó ṣeé lò nínú méjèèjì.

Òwú àti gọ́ọ̀mù, ẹ gbàgbé ẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi sí tírẹ́ẹ̀dì wà fún tírẹ́ẹ̀dì tó dáa kó má bàa tú fúnra ẹ̀, kò lè dípò irin tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ibi tí wẹ́ẹ̀dì ti wúlò ni tí orí bóòtù bá ti yọ́ roboto tàbí tó ti dá sínú ihò, tí kò sì sí rọ́bà nítòsí. A máa gbé nọ́ọ̀tì tó tóbi díẹ̀ lé ìdí tó kù, a jó o láti inú nọ́ọ̀tì yẹn, a fi spánà yí i nígbà tó ṣì gbóná. Iná yẹn fúnra ẹ̀ máa ń já ìpẹtà. Ẹ tú bátìrì sílẹ̀ kí ẹ tó jó ohunkóhun lára ọkọ̀ o.

Ìyá_Fọláṣadé:
Ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, kí ni ẹ gbé ọkọ̀ yẹn lé?

ỌmọẸ̀gbá05:
Jáàkì inú búútù ni mà, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì méjì tí mo tò lérí ara wọn.

Ìyá_Fọláṣadé:
Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ yọ ara yín kúrò lábẹ́ ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀. Igi máa ń dún kó tó ṣẹ́, búlọ́ọ̀kù a máa fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni, pàápàá tí irin ọkọ̀ bá jókòó sórí igun ẹ̀. Jáàkì inú búútù sì wà fún pípààrọ̀ táyà lójú ọ̀nà ni, kì í ṣe fún kéèyàn wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ lọ ra tàbí kí ẹ yá axle stand méjì (irin ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lé), ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí yanrìn, ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ fa hand brake. Táyà tí ẹ yọ yẹn, ẹ tì í sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ń ṣiṣẹ́, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ òun ni ọkọ̀ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Kí ẹ sì fi ọwọ́ ti ọkọ̀ yẹn dáadáa kí ẹ tó wọlé. Tó bá máa ṣubú, kó ṣubú nígbà tí ẹ ṣì dúró síta.

Mẹkáníìkì_Gate:
Mà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹni tí kò bá ní axle stand, kó má wọ abẹ́ ọkọ̀.

ỌmọẸ̀gbá05:
Ẹ ṣé gan-an mà, mo ti yá axle stand lọ́wọ́ aládùúgbò kan.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, mo ti yọ bóòtù yẹn. Irin wẹ́wẹ́ wà lára ẹ̀ lóòótọ́, ó lọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ nǹkan míì ni mo rí tó yà mí lẹ́nu. Mo yọ ti apá kejì, mo to àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ki eyín èyí bọ àárín eyín ìkejì, mo gbé e sókè sójú oòrùn, ṣé ẹ rí i, wọn ò wọ inú ara wọn! Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dà bíi pé ó bá ara mu, tó bá wá di àárín, eyín èyí á gun orí eyín ìkejì, ìmọ́lẹ̀ á máa kọjá. Orí méjèèjì gba spánà 17, wọ́n fẹ̀ bákan náà, gígùn wọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo wá mú nọ́ọ̀tì táyà kan, mo gbìyànjú ẹ̀ lára èyí tí mekáníìkì fi síbẹ̀, ó wọ ọ́ nírọ̀rùn. Kò wọ èyí tó wà ní apá kejì.

Mẹkáníìkì_Gate:
Ẹ ti bá a níbi tó wà. Nọ́ọ̀tì táyà Toyota, M12 ni, ìyẹn ni pé bóòtù tó fẹ̀ ní mìlímítà 12 ló ń wọ̀ ọ́, àlàfo láti eyín kan sí ìkejì jẹ́ mìlímítà 1.5. Bóòtù tó yẹ kó wà níbẹ̀, M12 lòun náà, ṣùgbọ́n 1.25 ni tiẹ̀. Wọ́n ti ja bóòtù ibòmíì wọ ihò yín nìyẹn. Irú ẹ̀ ló sì ń tan èèyàn jẹ, torí á kọ́kọ́ wọlé díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, lẹ́yìn náà á le, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á rò pé ìpẹtà ni, á ki páìpù bọ ìdí spánà á máa fà á lọ, eyín bóòtù á sì máa jẹ eyín ihò bó ṣe ń lọ, tó bá wá kanlẹ̀ á dà bíi pé ó ti le. Bóòtù tó bá jẹ́ ti ihò ẹ̀, ìka méjì lẹ máa fi yí i títí orí ẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Lẹ́yìn ìyẹn ni spánà ṣẹ̀ṣẹ̀ níṣẹ́ láti ṣe. Èmi ò gba ọmọ iṣẹ́ kankan láyè láti fi spánà bẹ̀rẹ̀ bóòtù, ẹni tó bá ṣe é lọ́dọ̀ mi á tú u, á tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa ń rò ó tí tírẹ́ẹ̀dì bá kú lábẹ́ ọkọ̀. Mo máa ń wò ó pé ara kí ni ihò yẹn wà. Tó bá wà lára nǹkan tó ṣeé tú kéèyàn sì rí òmíì rà, bíi lower arm yín yìí, ẹ tú u kí ẹ ra òmíì. Tó bá wà lára knuckle, irin ibẹ̀ nípọn, ó ṣeé tún ṣe nílé kó sì dáa. Tó bá jẹ́ inú subframe ni (férémù irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀ níwájú), níbi tí wọ́n ti jó nọ́ọ̀tì sínú àpótí irin tí ọwọ́ ò dé, ìyẹn ló le jù, torí nọ́ọ̀tì yẹn lè já kó máa bá bóòtù yí nínú níbẹ̀, èèyàn á wá gé fèrèsé kékeré sára irin kó tó rí i mú. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlá ilé.

Ẹlòmíì á ní kí ẹ lu ihò arm yẹn já kí ẹ fi bóòtù tó gùn kọjá, kí ẹ de nọ́ọ̀tì mọ́ ọn lókè. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Ó lè dúró tí ojú irin lókè bá tẹ́jú tí nọ́ọ̀tì fi jókòó dáadáa, tí imú bóòtù ò sì ní ha rọ́bà axle nígbà tí ẹ bá ya sítíárì dé òpin. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ níbi tí arm wà lọ́jà. Ẹ ra arm.

Tí ẹ bá ń ra bóòtù, ẹ wo nọ́ńbà orí ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń ní 8.8 tàbí 10.9. Nọ́ńbà iwájú, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn ni agbára fífà tí irin ẹ̀ lè gbà kó tó já, ní MPa, nítorí náà 10.9 á gba nǹkan bí 1000, 8.8 á gba 800. Toyota máa ń kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sórí tiẹ̀, bíi 8 tàbí 11. Èyí tó wà ní apá kejì yẹn ni kí ẹ mú lọ sọ́jà, kí tuntun bá a dọ́gba ní nọ́ńbà, ní gígùn, ní tírẹ́ẹ̀dì. Bóòtù tí kò ní àmì kankan lórí, géètì ilé ni wọ́n fi ń de.

EOD_Ìkòròdú:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀ yín. Accord End of Discussion ni tèmi. Ihò ara knuckle tó gba bóòtù caliper (irin tó ń fún bíréèkì mọ́ díìsìkì) ló kú, bóòtù kan lókè ṣì mú, ti ìsàlẹ̀ ò mú mọ́. Ẹ ní knuckle ṣeé tún ṣe nílé. Báwo lẹ ṣe máa ṣe é?

Mẹkáníìkì_Gate:
M12 1.25 ni tiyín náà. Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe kú tó. Tó bá jẹ́ eyín àkọ́kọ́ bíi méjì ló wọ́, tí inú lọ́hùn-ún ṣì dáa, ẹ ò nílò láti lu ohunkóhun. Ẹ ra táàpù M12 1.25 (irinṣẹ́ tó ń gé eyín sínú ihò), ẹ kán ọ́ìlì sí i, ẹ fi ọwọ́ darí ẹ̀ wọlé, á tún eyín tó wọ́ yẹn tò. Tí ẹ ò bá rí táàpù, ẹ mú bóòtù tó dáa tó jẹ́ ti ihò yẹn gan-an, ẹ fi gíríńdà la ojú ẹ̀ láti imú gòkè ní ọ̀nà mẹ́ta, irin tó bá gé á rí àyè bọ́ sí. Ó máa ń ṣe bíi táàpù fún irú iṣẹ́ díẹ̀ báyìí.

Tó bá ti fá tán, kíìtì ìnsáàtì lẹ máa rà, èyí tó ní wáyà tó lọ́ bíi sípíríìngì. Bíìtì dírílì wà nínú ẹ̀, táàpù tiẹ̀ wà nínú ẹ̀. Táàpù yẹn tóbi ju M12 gidi lọ, torí inú tírẹ́ẹ̀dì ńlá tó bá gé ni sípíríìngì yẹn máa jókòó sí, inú sípíríìngì ló wá jẹ́ M12 yín.

Lílu ihò yẹn nibi tí iṣẹ́ wà. Dírílì gbọ́dọ̀ dúró gangan. Tó bá tẹ̀ díẹ̀, bóòtù náà á tẹ̀, orí ẹ̀ á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ló máa gbé gbogbo ẹrù. Tí ẹ bá lè tú knuckle kúrò kí ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ tú u. Tí ẹ ò bá lè tú u, kí ẹnì kejì dúró ní ẹ̀gbẹ́ kó máa wò ó fún yín, torí ẹni tó di dírílì mú kì í rí ìtẹ̀sí lápá tiẹ̀. Eré dírílì kó rọra, ọ́ìlì kó máa kán sí i. Tó bá wá kan táàpù, ẹ yí i lọ ní ìdajì yípo, ẹ dá a padà ní ìdá mẹ́rin, ẹ máa gbọ́ táá! kékeré nígbà tí irin tó gé bá já, kí ẹ tó tún máa lọ. Ẹni tó bá ń fi agbára tì í lọ láì dá a padà, táàpù á dá sínú ihò, táàpù sì le ju bíìtì yín lọ, ẹ ò ní lè lù ú jáde.

Ẹ fọ ihò náà kó mọ́ tónítóní, kò gbọ́dọ̀ sí irin wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀. Ẹ fi irinṣẹ́ inú kíìtì yí sípíríìngì wọlé títí á fi wọ abẹ́ ojú irin ní bí ìdá mẹ́rin sí ìdajì yípo, kó má yọrí rárá. Apá kékeré kan wà ní ìdí ẹ̀ tí irinṣẹ́ fi ń wọ́ ọ, ẹ fi pọ́ǹṣì kán an kúrò, kí ẹ sì yọ ọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, bóòtù tuntun, ìka méjì. Tí ẹ bá ṣe é dáadáa, tírẹ́ẹ̀dì yẹn á lágbára bíi ti kọ́ńpìnì.

Bóòtù bíréèkì àti ti ẹsẹ̀ ọkọ̀, tọ́ọ̀kì wrench (spánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń yí i) ni kí ẹ fi parí ẹ̀, iye tó wà nínú ìwé àtúnṣe ọkọ̀ yín gangan ni kí ẹ lò. Ẹ má fi páìpù kún un.

Ọmọ_Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Ìlú ọba ni mo wà, ìṣòro tiwa níbí ni ìpẹtà. Tí òtútù bá dé wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má bàa dì, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọ Nàìjíríà láti ìpínlẹ̀ olótùútù l'Amẹ́ríkà ti jẹ iyọ̀ yìí kó tó kúrò lọ́hùn-ún, nítorí náà tí bóòtù bá gan mọ́ yín lọ́wọ́, kó má yà yín lẹ́nu.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha tírẹ́ẹ̀dì tó yọrí síta kí n tó fọwọ́ kan spánà, mo fín penetrating oil (ọ́ìlì tó ń wọ inú ìpẹtà) sí i lálẹ́, mo tún fín in láàárọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí ẹ lò, èyí onígun méjìlá yẹn ló máa ń yọ́ orí bóòtù. Ẹ fi hámà lu orí ẹ̀ dáadáa, kí ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀ sí apá tó ń le, kí ẹ tó yí i síbi tó ń tú. Tó bá kọ̀, iná. Ẹ na iná sí nọ́ọ̀tì, kì í ṣe sí bóòtù, torí nọ́ọ̀tì ni a fẹ́ kó fẹ̀. Àmọ́ kí rọ́bà búṣìn, páìpù bíréèkì àti tánkì epo jìnnà sí iná yẹn. Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ẹ má fín brake cleaner (oògùn tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì) sí ibi tí ẹ fẹ́ na iná sí. Irú tó ní chlorine nínú, tí iná bá kàn án, á di gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní phosgene, ó lè pa èèyàn.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 3 máa ń lọ fún àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún, bóòtù ẹsẹ̀ tí kò mú ò lè kọjá níbẹ̀.

Tísà_Ọ̀wọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ nígbà tí a wà lórí ẹ̀, nọ́ọ̀tì stabilizer linkage (ọ̀pá kékeré tó so stabilizer mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀) Camry mi ń yí pẹ̀lú bóòtù ẹ̀, bí mo ṣe ń tú u ni gbogbo ẹ̀ ń bá mi yí.

Ọmọ_Peckham:
Tísà, ẹ nu imú bóòtù yẹn, ẹ máa rí ihò onígun mẹ́fà kékeré níbẹ̀. Ẹ ki Allen key bọ̀ ọ́ kó dá bóòtù dúró, kí ẹ wá fi ríǹgì spánà yí nọ́ọ̀tì. Tí ihò yẹn bá ti yọ́, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ fi gíríńdà gé e kúrò, linkage tuntun máa ń bá nọ́ọ̀tì tiẹ̀ wá.

ỌmọẸ̀gbá05:
Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ra arm ní Ládípọ̀, mo mú bóòtù apá kejì dání, mo sì fi ìka yí i wọ ihò arm yẹn níwájú ọlọ́jà kí n tó sanwó. Bóòtù tuntun náà bá a dọ́gba. Mo ti tú arm àtijọ́, mo ti gbé tuntun sí i, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ti dè. Ó ku bóòtù ńlá méjì tó wà níbi rọ́bà búṣìn lápá inú. Ṣé kí n kàn fún wọn le kí n gbé táyà padà?

Mẹkáníìkì_Gate:
Rárá o, ẹ dúró. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn ń rọ̀ dirodiro sísàlẹ̀ báyìí. Rọ́bà búṣìn yẹn lẹ̀ mọ́ irin tó wà láàárín ẹ̀, tí ẹ bá fún bóòtù le báyìí, ibi tí ẹsẹ̀ wà yìí ni rọ́bà máa gbà pé ilé òun wà. Tí ẹ bá wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, arm á gòkè, rọ́bà á lọ́, á wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán tòru, kò ní pẹ́ tó máa ya. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bú búṣìn pé kò dáa, bí wọ́n ṣe dè é ló pa á.

Ẹ fi ọwọ́ yí bóòtù méjèèjì títí wọ́n á fi kanlẹ̀, kí wọ́n má tíì le. Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ arm nítòsí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ẹ gbé e sókè títí ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí axle stand, ìyẹn ni pé arm ti wà níbi tó máa ń wà tí ọkọ̀ bá dúró sórí táyà. Axle stand kó ṣì wà níbẹ̀ o. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fún wọn le. Pín tó wà ní nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, tuntun ni kí ẹ fi síbẹ̀, ẹ má na ti àtijọ́ kí ẹ tún un lò.

Tí ẹ bá ti rìn ín díẹ̀, ẹ tún wo gbogbo bóòtù tí ẹ fọwọ́ kàn. Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́nà jíjìn, ẹ gbé e lọ ṣe alignment (títò táyà kó dúró gún), torí arm ti yí padà, táyà á jẹ lápá kan tí ẹ bá fi sílẹ̀.

ỌmọẸ̀gbá05:
Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Bóòtù apá kejì tí mo mú lọ ọjà ńkọ́, ṣé mo lè dá a padà sí ihò ẹ̀, àbí kí n ra tuntun síbẹ̀ náà?

Mẹkáníìkì_Gate:
Tí tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ bá mọ́ tí ìka bá yí i wọlé dé ìdí, tí kò tẹ̀, ẹ dá a padà, ti Toyota fúnra ẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti ní ibì kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ju ibi tó kù lọ, ó ti nà nìyẹn, ẹ sọ ọ́ nù.